Sólà Ìjọba: Òótọ́ àbí Irọ́?

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ọ̀rọ̀ sólà kò kúrò lẹ́nu àwa ọmọ Nàìjíríà mọ́. Epo tí kò tó 200 náírà ní lítà kan di ohun tó lé ní 600 náírà láàárín oṣù méjì. Kó tó di òpin ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú tẹ́lẹ̀ wá ń fi wákàtí ṣírò rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 náà, owó iná àwọn tí wọ́n kà sí Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn pọ̀ jù, fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà fún yúníìtì kan, bẹ́ẹ̀ ni gríìdì fúnra rẹ̀ dojú bolẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ lọ́dún yẹn nìkan. Ta ni kò ní gbójú sókè wo oòrùn?

Ìjọba náà ti gbójú sókè. Báńkì Àgbáyé ní àwọn tí kò ní iná ọba rárá ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 85, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba ń ṣe sí i lọ́tọ̀, ohun tí à ń gbọ́ ní búkà, nínú ọkọ̀ àti lórí WhatsApp lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ nínú ohun tí à ń gbọ́ yẹn, ká yẹ̀ ẹ́ wò.

«Ìjọba ń pín sólà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀.»

Irọ́ ni.

Fọ́ọ̀mù yẹn kì í tán nílẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń dé: ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù, ẹ kọ NIN, ẹ kọ BVN, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́wàá kí pánẹ́ẹ̀lì yín tó dé. Pánẹ́ẹ̀lì tó bá ń béèrè BVN, àpò ìfowópamọ́ yín ló ń lọ, kì í ṣe orí òrùlé yín.

Bí ètò náà ṣe rí gan-an nìyí. Àjọ tó ń mójú tó iná ìgbèríko, tí wọ́n ń pè ní REA, ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Lọ́dún 2018, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 350 mílíọ̀nù dọ́là fún un, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà sì fi 200 mílíọ̀nù kún un. Owó yìí kì í dé ọwọ́ ará abúlé kankan. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó ń ṣe sólà ni wọ́n ń san án fún, wọn kì í sì í san án ní ìrètí. Iléeṣẹ́ á kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé iná, á fa wáyà dé ojúlé àwọn èèyàn, á tan án, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò á wá rí i pé ó ń tàn lóòótọ́, kí owó ìrànwọ́ tó jáde. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, dọ́là 350 ni wọ́n ń san lórí ojúlé kọ̀ọ̀kan. Bí iná kò bá tàn, owó kò jáde.

Nínú gbogbo ohun tí ìjọba wa ti dá lábàá lórí ọ̀rọ̀ iná, èyí wà lára ìwọ̀nba tó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé ní ilé iná oòrùn kéékèèké 125 ti dúró lábẹ́ ètò náà, sólà inú ilé tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n ti tà, iná sì ti dé ọ̀dọ̀ èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀. Wọ́n tà á ni o, wọn kò pín in. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ èyí náà ni wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀yáwó tuntun, 750 mílíọ̀nù dọ́là, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DARES. Èèyàn mílíọ̀nù 17.5 ni wọ́n fojú sùn, wọ́n sì ní jẹnẹrétọ̀ tó lé ní 250,000 ni yóò kógbá wọlé nítorí rẹ̀. Ẹ̀yáwó ni, àwa àti àwọn ọmọ wa la óò sì san án. Ẹni tó ń pè é ní ẹ̀bùn kò ka ìwé rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò bá àwọn tó gba irọ́ ọ̀fẹ́ yìí gbọ́ wí. Ìjọba ló kọ́ wọn láti máa retí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba Buhari kéde Solar Power Naija: ojúlé mílíọ̀nù márùn-ún, èèyàn mílíọ̀nù 25. Igbákejì Ààrẹ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, lọ sí Jangefe ní ìpínlẹ̀ Jigawa lọ́dún 2021 láti ṣí i. Nínú ìwé, owó tí àwọn iléeṣẹ́ yóò yá lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ ni, àwọn tó bá sì gba sólà yóò máa san án díẹ̀díẹ̀. Lórí rédíò, mílíọ̀nù márùn-ún nìkan ni ará ilé gbọ́. Iye tó dé ojúlé lẹ́yìn-ò-rẹyìn kò sún mọ́ ọn rárá.

«Iná sólà abúlé wọ́n ju ti NEPA lọ.»

Òótọ́ ni. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Gbamu-Gbamu wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìlú àgbẹ̀ ni, òpó NEPA kò sì débẹ̀. Lọ́dún 2018, iléeṣẹ́ Rubitec ṣí ilé iná oòrùn kan síbẹ̀ pẹ̀lú ìrànwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ìjọba Jámánì. Kìlówáàtì 85 ni, èyí tí kò pọ̀: bí áyọ̀ọ̀nù 85 bá gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti tán nìyẹn. Pánẹ́ẹ̀lì wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ro, bátìrì wà tó ń tọ́jú iná di alẹ́, jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì sì wà fún ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Láti ibẹ̀ ni òpó àti wáyà ti gba àárín ìlú kọjá, tí mítà sì wà fún àwọn oníbàárà. Ẹ san owó, iná wọlé. Owó tán, iná lọ. Kò sí bíìlì tí ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì fojú díwọ̀n, kò sì sí ẹni tó ń gbé àkàsọ̀ káàkiri láti wá já wáyà onígbèsè.

Yúníìtì kan nínú irú ilé iná báyìí máa ń fi ìlọ́po mélòó kan ju ohun tí ará ìgboro ń san lọ. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ tálákà. NEPA tí wọ́n fi ń wé e ńkọ́, ṣé ó wà níbẹ̀ ni? Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ kékeré, àtùpà àti tọ́ọ̀ṣì. Lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í mú ju yúníìtì kan sí kan ààbọ̀ jáde. Bí epo bá ti tó 1,000 náírà, yúníìtì jẹnẹrétọ̀ ti di nǹkan bí 700 sí 1,000 náírà kí a tó dárúkọ ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì. Ìyẹn ló yẹ ká gbé sójú ìwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tún kù. Owó iná ìgboro tí à ń fi wé e kì í ṣe iye tó ń ná ẹni tó ń pèsè rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ará Band A, ìjọba ló ń gbé apá kan rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó kọ́ ilé iná sí abúlé kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn lóṣooṣù. Owó ìrànwọ́ kíkọ́ lè wá lẹ́ẹ̀kan. Owó bátìrì tí wọn óò pààrọ̀ lọ́jọ́ iwájú, owó ẹni tó ń ṣọ́ ilé iná, owó dísẹ́ẹ̀lì oṣù Keje, inú yúníìtì tí wọ́n ń tà ló ti ń jáde. Òfin tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná, ṣe lọ́dún 2016 fún irú ilé iná yìí fún wọn láyè láti bá ará ìlú dúnàádúrà owó: bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà bá fọwọ́ sí i, ó dúró. Ìgbà wo ni iléeṣẹ́ iná kankan ti bi ará Mushin tàbí ará Mọ́lété léèrè rí pé èló lẹ fẹ́ san?

«Iná sólà tí ìjọba bá gbé sọlẹ̀ kì í pẹ́ kú.»

Òótọ́ ni, èyí tó jẹ́ ti òpó ojú títì pàápàá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn ló pa á.

Ẹ dúró lábẹ́ ọ̀kan lọ́sàn-án kí ẹ wò ó dáadáa. Òpó irin ṣì dúró ṣánṣán. Pánẹ́ẹ̀lì wà lókè, eruku ọyẹ́ bò ó, ìgbẹ́ ẹyẹ wà lára rẹ̀. Ẹ̀ka máńgòrò tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sọlẹ̀ ti ṣíji bo ìdajì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjìji díẹ̀ péré lè gba agbára tó pọ̀ lọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Àpótí irin tó wà lára òpó náà ti là gbayawu. Wáyà pupa kan àti dúdú kan yọrí níbẹ̀, wọn kò so mọ́ nǹkan kan. Bátìrì ti lọ. Ohun tó mọ́lẹ̀ jù lára gbogbo rẹ̀ ni orúkọ aṣòfin tó gbé e wá, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí ara òpó.

Pánẹ́ẹ̀lì tó dára lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 25. Bátìrì olómi-ásíìdì nínú ooru wa, bí wọ́n bá ń lò ó gbẹ lálaalẹ́, ọdún méjì sí mẹ́ta ló ní. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé òpó sólà sọlẹ̀ láìní ètò fún bátìrì kejì ti mọ ọjọ́ tí òpó náà yóò kú, ìyẹn bí olè kò bá tètè dé. Iṣẹ́ àkànṣe àwọn aṣòfin sì rèé: owó ríra wà, owó gbígbé sọlẹ̀ wà, owó àwọn onílù ọjọ́ ìṣíde kì í ṣàì wà. Lẹ́yìn ìyẹn, agbaṣẹ́ṣe ti gba owó rẹ̀ lọ. Aṣòfin ní òun ti ṣe tòun. Káńsù ní wọn kò fà á lé òun lọ́wọ́. Ará àdúgbò ní ti ìjọba ni. Kò sí ẹni tó ń san nǹkan kan lórí rẹ̀ lóṣooṣù, torí náà kò sí ẹni tó ń pàdánù nǹkan kan bó bá kú.

Èmi gbà pé ibi tí ọ̀fẹ́ ti ń bá wa jà nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ Gbamu-Gbamu tó ń sanwó yúníìtì ní ẹni tí wọ́n lè lọ bá bí iná bá kú, nítorí iléeṣẹ́ kò ní rówó gbà nínú òkùnkùn. Àwa tí wọ́n tan iná ọ̀fẹ́ fún ní ìgboro kò mọ ẹni tí a óò ké pè.

Ẹ fi omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sólà fà wé e. Ìjọba kan náà ló ń gbẹ́ ẹ, àwọn agbaṣẹ́ṣe kan náà, síbẹ̀ ó ń pẹ́ díẹ̀ ju iná òpó lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní bátìrì rárá. Oòrùn yọ, pọ́ńpù ń fa omi sínú táńkì. Oòrùn wọ̀, táńkì ṣì kún. Omi tó wà lókè yẹn ni bátìrì rẹ̀, kò sì sí olè tó lè gbé e sá.

«Oòrùn apá ọ̀dọ̀ wa kò tó, sólà, ti àwọn ará Òkè Ọya ni.»

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó pa á kò ṣàdéédéé pa á.

Òótọ́ ni pé oòrùn Sókótó àti Bọ̀rnó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti etí òkun. Nǹkan bíi kìlówáàtì wákàtí méje ló ń bọ́ sórí mítà ilẹ̀ kan ní ìhà àríwá pátápátá lójúmọ́. Ní etíkun, nǹkan bíi mẹ́ta ààbọ̀. Ṣùgbọ́n Jámánì, tí oòrùn rẹ̀ kì í tó ti etíkun wa yẹn, ti to pánẹ́ẹ̀lì tó nǹkan bíi 100,000 mẹ́gáwáàtì jọ nígbà tí ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀. Gríìdì Nàìjíríà lódindi kì í sábà gbé ju 4,000 sí 5,000 lọ. Bí oòrùn bá jẹ́ ìṣòro, a jẹ́ pé Jámánì ló yẹ kó máa sunkún.

Ìmọ́lẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń lò, kì í ṣe ooru. Ooru gan-an máa ń ṣe é ní jàǹbá: bó bá ti kọjá ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá lé ń gba nǹkan bí ìdá 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan lórí páànù, ó lè gbóná dé 60. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù pẹ́kípẹ́kí. Ó yẹ kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìkùukùu oṣù Keje àti Kẹjọ ni ọ̀tá wa ní Èkó àti Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá fi oòrùn oṣù Kejì ṣírò iye pánẹ́ẹ̀lì tó máa rà yóò padà sídìí jẹnẹrétọ̀ nígbà òjò. Ní ti eruku ọyẹ́, omi lásán àti aṣọ rírọ̀ ti tó, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí gíláàsì rẹ̀ tó gbóná.

«Sólà máa ń pe àrá.»

Irọ́ ni. Ṣàngó kò mọ pánẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí páànù. Ṣùgbọ́n bí àrá bá sán sí tòsí, wáyà orí òrùlé lè gbé agbára rẹ̀ wọlé tọ ìnfátà, kó sì sun ún. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣe sólà fún yín pé níbo ni wáyà ilẹ̀ wà. Bó bá ń wojú yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

«Àwọn tó ń ṣèjọba fúnra wọn ti ń sá fún iná NEPA.»

Òótọ́ ni. Bílíọ̀nù 10 náírà ló wà nínú ètò ìṣúná ọdún 2025 fún sólà ní Aso Rock, ilé ìjọba l'Ábújá. Ariwo sọ nígbà tí ó jáde, ó sì yẹ kó sọ. N kò rí ohun tó burú nínú kí Ààrẹ lo oòrùn. Ó kàn ṣòro láti gbà gbọ́ pé ẹni tó ti kúrò lórí gríìdì yóò máa yára bí ẹni tó ṣì wà lórí rẹ̀.

Kì í ṣe ilé Ààrẹ nìkan. Láti ọdún 2019 ni REA ti ń ṣí ilé iná sólà ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀: mẹ́gáwáàtì 7.1 ní Bayero ní Kánò, 2.8 ní yunifásítì Alex Ekwueme ní ìpínlẹ̀ Ebonyi, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ tì í lẹ́yìn ni o, kì í ṣe sólà nìkan. Ìbéèrè bátìrì tó wà lórí òpó ojú títì wà lórí àwọn wọ̀nyí náà, ó kàn jẹ́ pé tiwọn tóbi jù ú lọ ni: ta ni yóò san owó rẹ̀ bí ọdún rẹ̀ bá pé, nígbà tí yunifásítì kò tíì rówó oṣù olùkọ́ san tán?

«Ìjọba ló ń tan sólà kálẹ̀ ní Nàìjíríà.»

Irọ́ pọ́ńbélé.

Ní oṣù Keje ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bá iléeṣẹ́ 14 ṣàdéhùn pé kí wọ́n kọ́ ilé iná oòrùn ńlá tí àpapọ̀ agbára wọn lé ní 1,000 mẹ́gáwáàtì, kí wọ́n sì máa tà á fún gríìdì. Sẹ́ǹtì 11.5 owó Amẹ́ríkà ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé fún yúníìtì kan. Kò pẹ́, owó pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ lágbàáyé, ìjọba ní ó yẹ kí iye náà wálẹ̀ sí 7.5. Àwọn onílé iná ní rárá, àwọn tó fẹ́ yá wọn lówó fà sẹ́yìn, àríyànjiyàn gba ọdún mọ́ ọdún lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún kọjá lórí rẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn 14 náà tó fi iná sórí gríìdì. Nígbà tí Buhari ṣí ilé iná oòrùn Kánò ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, mẹ́gáwáàtì mẹ́wàá péré ni, síbẹ̀ òun ló tóbi jù nínú irú rẹ̀ nígbà náà.

Láàárín àkókò yìí, ẹ wo ohun tí ará ìlú ń fi owó ara wọn ṣe. Iléeṣẹ́ ìwádìí Ember ka pánẹ́ẹ̀lì tó wọ Nàìjíríà láàárín oṣù méjìlá tó parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025: 1,721 mẹ́gáwáàtì. Gúúsù Áfíríkà nìkan ló jù wá lọ ní gbogbo Áfíríkà. Àwọn wo ló rà á? Aránṣọ, onífíríìsà, onílé ìwòsàn aládàáni, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹni tó yá owó nínú àjẹṣẹ́kù. Ìwádìí Ember kan náà ní owó dísẹ́ẹ̀lì tí èèyàn kò ná mọ́ lè san owó pánẹ́ẹ̀lì padà láàárín oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà. Pánẹ́ẹ̀lì nìkan ni wọ́n wí o, wọn kò ka bátìrì àti ìnfátà mọ́ ọn. Àwọn tó ń fi ìròyìn yìí tajà lórí Facebook kì í sọ ìdajì kejì yẹn.

Ibi tí ìjọba ti kan àwọn wọ̀nyí ni ẹnubodè. Lọ́dún 2018, àwọn aṣọ́bodè ṣàdéédéé bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí pánẹ́ẹ̀lì tí wọn kì í gbowó lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjà sì há sí èbúté. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, minísítà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà náà, Uche Nnaji, ní ìjọba ń gbèrò láti dá kíkó pánẹ́ẹ̀lì wọlé dúró kí àwọn iléeṣẹ́ ilé lè gbèrú. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti di «wọ́n ti fòfin dè é» lórí WhatsApp, owó ọjà sì ti ń mì. Èrò ni ó sọ, kì í ṣe òfin. Iléeṣẹ́ ilé wà lóòótọ́: Auxano ń to pánẹ́ẹ̀lì ní Èkó, ó sì lè to 100 mẹ́gáwáàtì lọ́dún. Ẹ fi 100 yẹn wé 1,721. Bẹ́ẹ̀, awẹ́ dúdú tó ń mú iná jáde nínú rẹ̀, òkè òkun ló ṣì ti ń wá.

«Kò sí ìyàtọ̀ láàárín pánẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, bí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti jọra.»

Irọ́ ni, irọ́ yìí ló sì ń jẹ owó wa jù. Nọ́ńbà ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ 500 wáàtì sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ lè fi téèpù mú òpùrọ́. Lọ́sàn-án gangan tí oòrùn mú janjan, nǹkan bíi 1,000 wáàtì ló ń bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Èyí tó dáa nínú pánẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́jà kì í rí ju 200 sí 230 gbà nínú rẹ̀. Nítorí náà, 500 wáàtì gidi gbọ́dọ̀ tóbi ju ilẹ̀kùn yàrá lọ, ó sì máa ń wúwo ju kílò 20 lọ. Bí ọmọ kékeré bá lè gbé «500 wáàtì» kọ́ èjìká rìn nínú ọjà Alábà, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye rẹ̀. SON, àjọ tó ń mójú tó ojúlówó ọjà, ló yẹ kó máa dá irú rẹ̀ padà ní èbúté. Èyí tó ń yọ́ kọjá ṣì pọ̀.

«Bí òpó NEPA bá dé abúlé, ilé iná sólà ibẹ̀ ti di òkú.»

Irọ́ ni nínú ìwé. Òfin NERC ti ọdún 2016 yẹn ní bí gríìdì bá dé bá ilé iná tó ti gba ìwé àṣẹ, olówó rẹ̀ lè so ó pọ̀ mọ́ gríìdì kó máa bá òwò lọ, tàbí kó fà á lé iléeṣẹ́ iná lọ́wọ́ kí wọ́n sì san owó gbà-máà-bínú fún un. Lójú àwọn tó ń yáni lówó, ìwé ni ìwé ń jẹ́. Ẹ̀rù pé owó wọn yóò ṣòfò bí gríìdì bá dé ni kì í jẹ́ kí wọ́n fẹ́ fi owó sí abúlé tó bá ti rí òpó ọba lọ́ọ̀ọ́kán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpó náà kò gbé iná láti ọdún mẹ́wàá.

Ẹni tó ń dá ẹjọ́ yìí ti ń yí padà báyìí. Òfin iná tí Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 gbà kí ìpínlẹ̀ tó bá ní òfin tirẹ̀ gba àkóso iná lọ́wọ́ NERC. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó wà lára àwọn tó ti gbà á. Ohun tí àṣẹ yìí lè dá sílẹ̀ ti hàn ní Ẹnúgù. Lọ́dún 2025, àjọ ìpínlẹ̀ náà gé owó Band A, tó ti wálẹ̀ sí 209 náírà nígbà náà, sí 160. Inú àwọn oníbàárà dùn, àwọn iléeṣẹ́ iná sì fárígá: ta ni yóò ru ìyókù? Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò dé Àkúrẹ́, yóò dé Ìbàdàn, yóò sì kan àwọn abúlé tó ń sanwó sólà náà, nítorí gómìnà tó ń wá ìbò kò ní fẹ́ gbọ́ pé àgbẹ̀ ń san ju ará ìgboro lọ. Bí ó bá ní kí wọ́n gé e, tí kò sì fi kọ́bọ̀ dí àlàfo rẹ̀, iná kò ní kú lọ́jọ́ náà. Owó tí iléeṣẹ́ ń kó pamọ́ fún bátìrì ni yóò kọ́kọ́ lọ.